Ẹnu Tó Jẹ Dòdò: Ta Ló Ń Sanwó Ìdánwò Oògùn Jẹjẹrẹ?

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á lórí fóònù dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ohùn mi náà nìyẹn, mo kàn ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín fi voice note oníṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ọ́ níbí, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe Mọ́mì. Dókítà ní àwọn ń ṣe ìdánwò oògùn tuntun kan, pé tí Mọ́mì bá fẹ́, àwọn lè fi orúkọ wọn sí i. Bùọ̀dá mi ní ká má gbà, wọ́n ní ṣé a ti gbàgbé Kano ni. Àbúrò mi ní ká tètè gbà, ó ní òun rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń fi ìdá 30 nínú 100 dín ewu àìsàn náà kù. Mọ́mì ní ohun tá a bá ti fẹnu kò sí ni àwọn máa ṣe. Àǹtí, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì lè sọ pé kí ìyá ẹni ẹlẹ́ni fọwọ́ síwèé tàbí kó má fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Nínú gbogbo àríyànjiyàn inú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ló ń sanwó ìdánwò náà, kí sì ni ẹni tó ń sanwó ọ̀hún fẹ́ mọ̀. Ìbéèrè yẹn la máa gbé yẹ̀ wò lónìí.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń kọ fún èèyàn nílé ìwòsàn lónìí, ara àwọn èèyàn kan ló gbà kọjá kó tó dé ọjà. Ní ìpele kìíní, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n máa ń fún, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n tí ara lè gbà. Ní ìpele kejì, wọ́n á wò ó bóyá kókó náà ń súnkì. Ìpele kẹta nibi tí ọ̀rọ̀ ti ń le: wọ́n á kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn jọ, nígbà míì ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n á ṣẹ́ kèké, apá kan á gba oògùn tuntun, apá kejì á gba èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà míì, aláìsàn kì í mọ èyí tó kan òun, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ náà kì í mọ̀.

Owó ńlá ló ń lọ sí i. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, owó àwọn nọ́ọ̀sì, owó àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà ló sábà máa ń san án, torí òun ló fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti tà á. Ìjọba náà máa ń sanwó: ní Amẹ́ríkà, National Cancer Institute ni àpò tó tóbi jù. Ní Bìrìtìkó, Cancer Research UK ń gba owó lọ́wọ́ àwọn aráàlú láti fi ṣe tiwọn. Ilé ìwòsàn tó bá gba ìdánwò ilé iṣẹ́ wọlé sábà máa ń gba owó lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan tó bá wọ inú rẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí ìdánwò náà lè máa gba owó ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà, tàbí kí wọ́n ní ṣéà níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní conflict of interest ti ń wọlé. Ẹ fojú inú wo bàbá kan tó ń ṣe rẹfirí nínú bọ́ọ̀lù tí ọmọ rẹ̀ ń gbá. Bàbá yẹn lè jẹ́ olóòótọ́ èèyàn. Ó tiẹ̀ lè le mọ́ ọmọ rẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wòran máa fẹ́ mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ló ń gbá nọ́ńbà 9, àbí? Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ ọ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù ti parí, inú máa bí yín, kódà tí kò bá ṣe ojúsàájú kankan.

Àwọn àgbà wa ní ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Mo fẹ́ràn òwe yìí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ oògùn, ó lè ṣì wá lọ́nà díẹ̀. Lọ́dún 2017, ẹgbẹ́ Cochrane, àwọn tó máa ń kó ìwádìí àwọn ẹlòmíràn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí ìwádìí tí ilé iṣẹ́ oògùn sanwó fún. Wọ́n rí i pé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa ń parí sí "oògùn yìí dára" ju èyí tí ẹlòmíràn sanwó fún lọ. Èyí ò yà yín lẹ́nu, mo mọ̀. Ohun tó ya èmi lẹ́nu ni pé nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe iṣẹ́ náà wò, bí wọ́n ṣe ṣẹ́ kèké, bí wọ́n ṣe fi oògùn tí kálukú gbà pa mọ́, tàwọn ilé iṣẹ́ kò burú ju tàwọn yòókù lọ. Níbi fífi oògùn pa mọ́, tiwọn tiẹ̀ sàn jù.

Tí kò bá wá sí èrú nínú iṣẹ́ náà, níbo ni ìyàtọ̀ ti wá? Ẹnu tó jẹ dòdò lè máa sọ òdodo láti àárọ̀ dalẹ́. Òun ló kàn ń yan èwo nínú òdodo ni òun máa sọ, àti ìbéèrè wo ni òun máa dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá bùọ̀dá wa lóhùn, torí Kano tí wọ́n mẹ́nu bà kì í ṣe àhesọ. Lọ́dún 1996, àrùn yíyírùn-yíyírùn jà ní Kano. Ilé iṣẹ́ Pfizer wá, wọ́n sì dán oògùn tí wọ́n ń pè ní Trovan wò lára àwọn ọmọdé bí 200. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba ceftriaxone, oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú, 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn tó gba ìkejì. Àwọn òbí sọ pé kò sẹ́ni tó là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Àwọn tó pẹjọ́ tún sọ nǹkan kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ fiyè sí: wọ́n ní ceftriaxone tí wọ́n fún àwọn ọmọ apá kejì kò tó ìwọ̀n tó yẹ, kí Trovan lè dà bí ẹni pé ó dára. Pfizer sọ pé irọ́ ni, pé ìwọ̀n náà tó, pé àrùn ló pa àwọn ọmọ. Lọ́dún 2009, wọ́n bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi.

Ẹni yòówù kẹ́ ẹ gbà gbọ́ nínú ẹjọ́ yẹn, ẹ mú ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ dání: oògùn tuntun kì í dá jà. Ohun tí wọ́n bá gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́ kó dà bí alágbára tàbí ọ̀lẹ. Tí wọ́n bá fi oògùn tuntun wé oògùn tó ti gbó, èyí tí kò sí dókítà gidi tó tún ń kọ ọ́ fún aláìsàn mọ́, ó máa borí. Ìṣirò náà máa tọ̀nà. Aláìsàn ò sì ní rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Ìyẹn fún bùọ̀dá. Ó wá ku àbúrò àti ìdá 30 rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó dáadáa.

Kí ni wọ́n ń wọ̀n gan-an? Ẹnikẹ́ni tí ìyá rẹ̀ bá ní jẹjẹrẹ, ohun méjì ló fẹ́ mọ̀: ṣé wọ́n máa pẹ́ sí i láyé, ṣé ara máa tù wọ́n ní ìwọ̀nba ìgbà tí wọ́n bá fi wà níbí. Àmọ́ láti mọ̀ bóyá èèyàn pẹ́ sí i láyé, ẹ gbọ́dọ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Torí náà, wọ́n máa ń wọn nǹkan míì tó ń yára hàn: oṣù mélòó ló kọjá kí àwòrán tó fi hàn pé kókó náà tún ti ń tóbi. Kò burú, kókó tí kò tóbi lè túmọ̀ sí ìrora tó dín kù. Ṣùgbọ́n kókó tó dúró sójú kan fún oṣù díẹ̀ kò dájú pé ó fi ọjọ́ kún ọjọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹ gbọ́ ìtàn Avastin. Ní February 2008, FDA, àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ NAFDAC ní Amẹ́ríkà, fún Genentech ní àṣẹ kíákíá láti ta Avastin fún jẹjẹrẹ ọmú tó ti tàn kálẹ̀. Ìdí ni pé nínú ìdánwò kan, àwọn tó gbà á pẹ̀lú chemo lo bí oṣù márùn-ún àtààbọ̀ sí i kí kókó wọn tó tún máa dàgbà. Kí n má purọ́ mọ́ ilé iṣẹ́ o: ẹgbẹ́ àwọn ilé ìwòsàn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ràn lọ́wọ́ ló darí ìdánwò yẹn, òfin ló sì fàyè gba òṣùwọ̀n náà. FDA ní kí wọ́n lọ ṣe ìdánwò míì wá láti fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí èsì wọ̀nyẹn dé, oṣù márùn-ún àtààbọ̀ ti di nǹkan tí kò tó oṣù mẹ́ta. Ní ti pípẹ́ láyé, kò sí ìyàtọ̀ kankan tí wọ́n lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Bẹ́ẹ̀, oògùn náà ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀jẹ̀ yíya, kódà ó lè lu ìfun àwọn mìíràn.

FDA fẹ́ gba àṣẹ náà padà. Genentech kọ̀. Ní June 2011, wọ́n jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà ní gbangba, àwọn obìnrin tó ń lo Avastin sì dìde níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n ní oògùn yìí ló gbé àwọn dúró, pé kí wọ́n má gbà á lọ́wọ́ àwọn. Mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ láéláé. Tí mo bá ń lo oògùn kan, tí mo ṣì ń mí, èmi náà máa rò pé oògùn yẹn ni. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú ìgbìmọ̀ náà dìbò pé kí wọ́n gba àṣẹ náà padà, nígbà tó sì di November 2011, FDA gbà á lóòótọ́. Wọ́n ṣì ń lo Avastin fún àwọn jẹjẹrẹ mìíràn, tí ìfun ńlá wà lára wọn. Èyí tó jẹ́ ti ọmú ni wọ́n yọ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ má rò pé Avastin nìkan ni. Àwọn olùwádìí kan ní King's College London lọ yẹ gbogbo oògùn jẹjẹrẹ tí àjọ Yúróòpù fún láṣẹ láàárín 2009 sí 2013 wò. Ọ̀nà 68 ni wọ́n fọwọ́ sí láti lo àwọn oògùn náà. Nínú 68 yìí, 39 ló dé ọjà láìsí ẹ̀rí pé aláìsàn máa pẹ́ sí i láyé tàbí pé ara máa tù ú sí i. Ẹ tún un kà. Ẹni tó bá lérè nínú kí oògùn tètè dé ọjà, òṣùwọ̀n tó ń yára hàn ló máa wù ú.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Chicago, June 2018. Lọ́dọọdún, àwọn dókítà jẹjẹrẹ láti gbogbo ayé máa ń pé jọ síbẹ̀ fún ìpàdé tí wọ́n ń pè ní ASCO. Lọ́dún yẹn, wọ́n gbé ìdánwò jẹjẹrẹ ọmú méjì kan kalẹ̀ ní ìpàdé kan náà, àwọn méjèèjì ló sì ṣàlàyé gbogbo ohun tí mò ń sọ.

Èkíní ni taselisib, oògùn ilé iṣẹ́ Roche, tó ni Genentech. Àwọn tó gbà á kún ìtọ́jú wọn lo oṣù 7.4 kí kókó tó tún dàgbà. Àwọn tí kò gbà á lo oṣù 5.4. Oṣù méjì ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó lọ sókè sì dé bá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ oṣù méjì yẹn lọ́nà míì? Wọ́n á ní oògùn náà fi ìdá 30 nínú 100 dín ewu kí àìsàn gbèrú kù. Ìṣirò kan náà ni. Kò túmọ̀ sí pé èèyàn 30 nínú 100 rí ìwòsàn o. Ó túmọ̀ sí pé, ní ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá wò ó, ewu pé kókó máa dàgbà fi ìdá 30 kéré sí ti ẹgbẹ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá yí i padà sí ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà, oṣù méjì. Àbúrò wa Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ìdá 30 yẹn lo rí.

Ọ̀pọ̀ dókítà wo èsì taselisib, wọ́n ní kò wú àwọn lórí. Roche fúnra wọn jáwọ́ nínú oògùn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n tó dúró níwájú láti gbé èsì náà kalẹ̀, José Baselga, sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ọ̀gá àgbà àwọn dókítà ni ní Memorial Sloan Kettering, New York, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ tó lórúkọ jù láyé. Ilé ìwòsàn yìí kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá: wọ́n ń bá ilé ìwòsàn ìkọ́ni OAU ní Ilé-Ifẹ̀ ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ARGO, iṣẹ́ gidi sì ni.

Ní September ọdún kan náà, New York Times àti ProPublica gbé ìròyìn jáde. Láti 2014, Baselga ti gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ́wọ́ Roche, apá kan fún ìmọ̀ràn, apá kan fún ìpín rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n rà. Ó ti kọ àpilẹ̀kọ bí 180 láti 2013. Nínú bí ìdá 60 nínú 100 wọn, kò dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan tó ń fún un lówó, bẹ́ẹ̀ òfin àwọn ìwé ìròyìn ìṣègùn ní kó dárúkọ wọn. Ó ní àṣìṣe ni, pé òun ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2019, ó lọ di ọ̀gá ìwádìí jẹjẹrẹ ní AstraZeneca. Ó kú ní 2021.

Bó ṣe yẹ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí, torí ó rọrùn láti sọ ọ́ di èèyànkéèyàn: Baselga wà lára àwọn tó ṣe ìdánwò Herceptin nígbà tó ṣì ń bẹ̀rẹ̀, oògùn tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi wà láàyè lónìí. Ilé iṣẹ́ tó ń fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lówó ń fún un lówó nítorí pé ó mọṣẹ́. Kò sí nọ́ńbà kankan tí ìròyìn yẹn ní ó yí. Oṣù 7.4 àti oṣù 5.4 ló gbé síwájú wọn. Ohun tí àwọn tó jókòó ń gbọ́ ọ ò mọ̀ ni iye tó ti wọ àpò rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọjà. Rẹfirí náà fọn fèrè rẹ̀. Kò kàn sọ fún wa pé ọmọ òun wà nínú pápá.

Ẹ wá gbọ́ ìdánwò kejì ní Chicago, èyí tó wù mí jù láti sọ. Orúkọ rẹ̀ ni TAILORx. Ìbéèrè tó béèrè rọrùn: lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣé gbogbo obìnrin tó ní irú jẹjẹrẹ ọmú kan, èyí tí hòmóònù ń bọ́ tí kò sì tíì dé kókó abẹ́ apá, ló nílò chemo? Ẹ ronú sí i. Ilé iṣẹ́ tó ń ta oògùn wo ló máa kó owó sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá láti fi hàn pé kí àwọn èèyàn má lo oògùn mọ́?

National Cancer Institute ló sanwó rẹ̀, àwọn ọlọ́rẹ dá sí i, owó sítáǹbù pàápàá sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, sítáǹbù ara lẹ́tà. Láti 1998, ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ti ń ta sítáǹbù kan tó wọ́n ju ti gbogbo ìgbà lọ díẹ̀, wọ́n sì ń fi èrè orí rẹ̀ ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ọmú. Obìnrin tó lé ní 10,000 ló wọ ìdánwò náà. Àyẹ̀wò kan tó ń wo àwọn jíìnì inú kókó náà fún kálukú ní máàkì. Àwọn 6,711 tí máàkì wọn bọ́ sí àárín ni wọ́n ṣẹ́ kèké fún: apá kan gba chemo àti oògùn hòmóònù, apá kejì gba oògùn hòmóònù nìkan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ìdá 93.8 nínú 100 lára àwọn tó gba chemo ló wà láàyè. Àwọn tí kò gba chemo ńkọ́? Ìdá 93.9.

Èébì, irun tó já, owó, ìsinmi tipátipá lẹ́nu iṣẹ́: ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń forí ti gbogbo ìyẹn láìrí èrè kankan níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Nínú àwọn tí kò ju ẹni 50 ọdún lọ, tí máàkì wọn sún mọ́ òkè, chemo ṣì ṣe wọ́n lóore díẹ̀, ẹ má lọ fi ohun tí mo sọ bá dókítà yín jà. Ẹ jẹ́ n tún fi ata díẹ̀ sí i: àyẹ̀wò jíìnì yẹn náà, ilé iṣẹ́ kan, Genomic Health, ló ń tà á nígbà yẹn, ó sì dájú pé inú wọn dùn sí èsì náà. Kò sí ibi tí owó ò dé. Àmọ́ ìbéèrè yẹn, "ṣé a lè fi oògùn sílẹ̀?", owó gbogbo aráàlú ló lè béèrè rẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ náà ló sanwó ìdánwò tó fi hàn lẹ́yìn ogún ọdún, ní 2002, pé gígé kókó nìkan àti ìtọ́jú ìtànṣán lè tó fún ọ̀pọ̀ obìnrin, láìgé ọmú wọn dànù.

Ní báyìí, fóònù yín. Tí ẹnikẹ́ni bá fi ìdánwò lọ èèyàn yín, ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ lè rí i lórí ClinicalTrials.gov tàbí lórí ti ilẹ̀ Áfíríkà, Pan African Clinical Trials Registry. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Sponsor" sí, ẹni tó ni ìdánwò nìyẹn. Ẹ wo "Primary Outcome". Tẹ́ ẹ bá rí "overall survival", pípẹ́ láyé ni wọ́n ń wọ̀n. Tẹ́ ẹ bá rí "progression-free survival", kókó ni wọ́n ń wò. Tẹ́ ẹ bá ń ka àpilẹ̀kọ lórí PubMed, ẹ yí i lọ sísàlẹ̀ títí dé "Conflict of interest statement", ẹ kà á. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 2010 mú kí ilé iṣẹ́ oògùn máa kéde owó tí wọ́n fún dókítà, àtoúnjẹ tí wọ́n rà fún wọn, àtowó ọkọ̀ òfuurufú. Orí Open Payments ló wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dókítà ní Houston tàbí Chicago, ẹ tẹ orúkọ wọn síbẹ̀. Òfin yẹn ò dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Lagos, torí náà, níbí, ẹnu la máa fi béèrè.

Ìbéèrè tí mo kọ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wa Ìbàdàn nìyí. Ta ló ń sanwó? Ṣé ilé ìwòsàn ń gba owó lórí Mọ́mì tí wọ́n bá wọlé? Oògùn wo ni wọ́n fi wé tuntun yìí, ṣé òun náà ni ẹ máa fún wọn ká ní kò sí ìdánwò? Tó bá ṣe wọ́n ní jàǹbá, ta ló máa gbé owó ìtọ́jú? Tí oògùn náà bá bá wọn lára mu, tí ìdánwò sì parí, ṣé wọ́n á ṣì máa rí i gbà àbí ká lọ máa wá owó rẹ̀? Mo ní kó bi wọ́n bóyá NAFDAC àti ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn olùkópa ti fọwọ́ sí i, kó sì fi Mọ́mì lọ́kàn balẹ̀ pé ìgbàkígbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè jáde. Mo sì ní kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè gbogbo ẹ̀. Dókítà tó ṣòótọ́ kì í bínú sí i.

Ó dá mi lóhùn lánàá. Ó ní fọ́ọ̀mù náà gùn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó kà á fún Mọ́mì ní Yorùbá títí iná fi lọ. Ilé iṣẹ́ oògùn ló ni ìdánwò náà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ilé ìwòsàn ń gba owó lórí olùkópa kọ̀ọ̀kan. Kókó ni wọ́n ń wọ̀n. Oògùn tí wọ́n fi wé e, òun náà ni dókítà ti fẹ́ kọ fún wọn tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì fi bùọ̀dá lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Ó ní Mọ́mì tó ti ní ohun tá a bá sọ ni àwọn máa ṣe, àwọn ló wá gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí wọ́n padà lọ bi dókítà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: tí ìdánwò bá parí ńkọ́? Bí mo ṣe ń gba ohùn yìí sílẹ̀, dókítà ní òun ti kọ̀wé sí àwọn tó ni ìdánwò, òun ń retí èsì. Mọ́mì ò tíì fọwọ́ síwèé. Tí mo bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.